Bí Ọ̀gá Bá Ti Rí Ni Ẹ̀rọ Rẹ̀ Ń Rí

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbò ẹ̀ka wa ní ìlú Kano, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kí a tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí kí àwọn tí kò lè wá náà lè kà á.)

   

Gbogbo wa la mọ ohun tó fa ọ̀rọ̀ òní. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wa dá a lábàá pé kí a kó ìwé owó ẹgbẹ́ kúrò nínú lẹ́jà, kí a kó o sínú kọ̀ǹpútà: owó oṣù, owó èésú, àti owó ìrànlọ́wọ́ òkú tí a fi ń gbé ẹni tó bá sùn sí àjò lọ sílé. Wọ́n ní kí oníkálukú lè máa fi fóònù rẹ̀ wo ohun tó ti san. Àwọn àgbà kan fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà mìíràn ní ẹ̀rọ kò lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò létí. Bí ó bá ní baba kan kò san owó rẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí fún baba náà? Ohùn ròkè díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Alága wá pàṣẹ pé kí n lọ kó ọ̀rọ̀ jọ nípa bí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ṣe ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, èyí tó gbè wọ́n àti èyí tó dà wọ́n láàmú, kí n wá rò ó fún yín.

Mi ò wá polówó ẹ̀rọ, mi ò sì wá bá ẹ̀rọ jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: kọ̀ǹpútà kì í tún ìwà ọ̀gá ṣe, ńṣe ló máa ń sọ ìwà náà di ńlá. Ọ̀gá tó bá létò, ẹ̀rọ á mú ètò rẹ̀ yára. Ọ̀gá tí kì í gbọ́ ẹjọ́ ọmọ iṣẹ́, ẹ̀rọ á di pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá tí kì í tijú láti sọ pé òun ṣe àṣìṣe, bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ba nǹkan jẹ́, àtúnṣe kò ní pẹ́. Mo ní àpẹẹrẹ mẹ́ta tí mo fẹ́ fi gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀: ilé iṣẹ́ onítíì kan, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kan, àti àjọ tí ń ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ wa.

ILÉ IṢẸ́ TÓ GBÁ ILẸ̀ KÍ Ó TÓ TẸ́ ẸNÍ

Bí mo bá bi yín pé ta ló kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì láyé yìí, ẹ ó ní àwọn ológun ni, tàbí báńkì, tàbí ìjọba Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ onítíì kan ní London ni. J. Lyons ni wọ́n ń pè é. Tíì àti kéèkì ni wọ́n ń tà, ilé tíì wọn sì ju 200 lọ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní November 1951 ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí wọ́n sọ ní LEO, bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣe ìṣírò owó búrẹ́dì àti kéèkì tí wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá ó ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn pẹ̀lú.

Báwo ni oníkéèkì ṣe ṣáájú báńkì? Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ John Simmons, ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò, tí ilé iṣẹ́ náà gbà síṣẹ́ ní 1923. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa wo bí àwọn akọ̀wé ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ: ìwé wo la ń kọ lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí? Ìwé wo ni ẹnikẹ́ni kì í kà? Ta ló nílò iye yìí, kí ló sì fẹ́ fi ṣe? Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi gbálẹ̀ báyìí kí ẹ̀rọ tó dé. Ní 1947 wọ́n rán ènìyàn méjì lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ wo ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́hùn-ún. Àwọn yẹn ló mú ìròyìn kọ̀ǹpútà bọ̀. Lyons sì fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń ṣe kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ní yunifásítì Cambridge ní pọ́n-ùn 3,000 láti fi ràn wọ́n lọ́wọ́, kí àwọn náà lè kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ wo ọgbọ́n kan tí wọ́n dá ní 1954. Obìnrin tó ń bójú tó ilé tíì kọ̀ọ̀kan ní láti máa sọ lójoojúmọ́ iye kéèkì àti búrẹ́dì tó fẹ́ kí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá mìíràn ni, yóò ní kí obìnrin náà máa kọ ìwé gígùn lálaalẹ́ nítorí ẹ̀rọ. Àwọn yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí olúkúlùkù fi iye tó máa ń gbà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ̀rọ tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tó bá fẹ́ kí ó lé tàbí kí ó dín nìkan ni yóò fi tẹlifóònù sọ ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀rọ ló gba ìyà jẹ, obìnrin náà sì ráyè dá oníbàárà rẹ̀ lóhùn. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló lè ronú báyẹn. Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń ta kéèkì kò lè sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe bá wa tà á.

ILÉ IṢẸ́ TÓ GBA ẸRÍ Ẹ̀RỌ GBỌ́ JU ẸRÍ ÈNÌYÀN LỌ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, àwọn mìíràn mú kọ̀ǹpútà lò, ó sì di omijé. Àpẹẹrẹ kejì rèé, òun ló sì gùn jù, nítorí òun ló jọ ẹ̀rù tó ń ba àwọn àgbà wa.

Ní abúlé àti àdúgbò lọ́hùn-ún, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ló sábà máa ń bá ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ṣe àdéhùn pé òun yóò máa bá a ṣiṣẹ́. Yóò ya apá kan ṣọ́ọ̀bù náà sọ́tọ̀, níbi tí yóò ti máa ta sítáḿpù, tí yóò sì ti máa san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn arúgbó. Ènìyàn pàtàkì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ládùúgbò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ tọkọtaya tó kó gbogbo owó tí wọ́n fi pamọ́ láyé wọn lé e lórí. Àwọn tí ìdílé wọn ti India wá tẹ̀dó síbẹ̀ kò kéré nínú wọn, àwọn àlejò tí ń ṣe òwò nílẹ̀ onílẹ̀ bí àwa náà.

Láti 1999 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Horizon sínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí. ICL, ilé iṣẹ́ tí Fujitsu ti ilẹ̀ Japan ni, ló ṣe é. Kò pẹ́ tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ẹni náà á ka owó inú àpótí rẹ̀ lálẹ́, á tún un kà, ẹ̀rọ á ní kò pé. Nígbà mìíràn àṣìṣe inú ẹ̀rọ ni. Ní Dalmellington ní ilẹ̀ Scotland, ní 2015, obìnrin kan fẹ́ kọ pọ́n-ùn 8,000 sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lójú, ó tún bọ́tìnnì tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ kọ 8,000 náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó wá di 32,000. Lójú ìwé, obìnrin náà ti jẹ gbèsè 24,000 tí kò fojú kàn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ẹ̀rọ tí kì í ṣe àṣìṣe. Ohun tó sọ àṣìṣe yìí di àjálù ni bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ṣàkóso. Ẹ jẹ́ kí n kà á lẹ́sẹẹsẹ.

Ekíní, àdéhùn. Ìwé àdéhùn ní ẹni náà yóò san owó tó bá sọnù nípasẹ̀ àìbìkítà tàbí àṣìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mú un lò bí ẹni pé gbogbo owó tí ẹ̀rọ bá ti ní kò pé, orí rẹ̀ ló wà. Bí kò bá fọwọ́ sí ìwé pé owó òun pé, kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ fi owó ara wọn dí i. Àwọn mìíràn kọ̀wé pé owó pé nígbà tí kò pé, kí wọ́n má bàa pàdánù iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ni wọ́n sì tún fi mú wọn lẹ́yìn náà.

Ekejì, bí wọ́n bá pe nọ́ńbà tí a fún wọn láti fi béèrè ìrànlọ́wọ́, ohun tí a ń sọ fún púpọ̀ nínú wọn ni pé, “Ìwọ nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí.” Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló sì ń pè.

Ẹkẹta, ilé iṣẹ́ náà ló ń fẹ̀sùn kàn, òun ló ń ṣe ìwádìí, òun náà ló tún ń gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ náà, kò sí ọlọ́pàá láàárín, kò sí agbẹjọ́rò ìjọba láàárín. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin ilẹ̀ náà sì tún bá wọn yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: láti 2000, ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kà á sí pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bí ẹnìkan bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo ni onísítáḿpù inú abúlé yóò ṣe mọ inú kọ̀ǹpútà Fujitsu?

Ẹkẹrin, àwọn ọ̀gá ń wí fún ayé pé kò sí ẹni tó lè ti òkèèrè wọ inú ìwé owó àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ yí i padà. Ó hàn ní kóòtù nígbẹ̀yìn pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè ṣe é, wọ́n sì ti ṣe é.

Láàárín 1999 sí 2015, ó ju ènìyàn 900 lọ tí a dá lẹ́bi olè jíjà tàbí kíkọ èké sínú ìwé owó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí. Seema Misra, tó ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní West Byfleet, lọ sí ẹ̀wọ̀n ní November 2010 pẹ̀lú oyún nínú. Wọ́n ní pọ́n-ùn 74,000 ló jí. Kò jí kọ́bọ̀. Àwọn kan ta ilé, ìgbéyàwó àwọn kan tú, àwọn ará abúlé ń tutọ́ sí àwọn kan lára. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Sir Wyn Williams ṣe alága rẹ̀ gbé apá kìíní ìròyìn rẹ̀ jáde ní July 2025, ó sì sọ níbẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó kéré tán ènìyàn 13 ti pa ara wọn nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Alan Bates, tó ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Llandudno ní ilẹ̀ Wales, kò dákẹ́. Ó kọ̀ láti san owó tí òun kò jẹ, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2003. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kiri, ó kó wọn jọ ní ẹgbẹ́ ní 2009. Ní December 2019, adájọ́ Fraser dá ẹjọ́ àwọn 555 láre pé Horizon ní àṣìṣe tó lè mú kí owó dín. Ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 57.75 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n owó ẹjọ́ ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní April 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ẹ̀bi ènìyàn 39 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní May 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tó fagi lé ẹ̀bi ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn yòókù. Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 1999 sí 2019, ogún ọdún géérégé ni.

Kí ló dé tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí kò yí padà ní kíá? Ṣé wọn kò gbọ́ ni? Wọ́n gbọ́. Ní 2012 àwọn fúnra wọn gba àwọn aṣàyẹ̀wò láti ìta, tí ń jẹ́ Second Sight. Nígbà tí àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí etí kò fẹ́ gbọ́, wọ́n fòpin sí iṣẹ́ wọn ní 2015. Owó púpọ̀ ti wọnú ẹ̀rọ náà, orúkọ ilé iṣẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́wọ́ àṣìṣe kan, gbogbo ẹjọ́ àtẹ̀yìnwá yóò wó lulẹ̀. Nítorí náà wọ́n yàn kí ènìyàn máa wó lulẹ̀ dípò.

ÀJỌ TÓ SUNKÚN NÍTA GBANGBA

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Kò sí ilé kan nínú ẹgbẹ́ yìí tí ọ̀rọ̀ JAMB kò kàn. Ní 1978 ni ìjọba dá a sílẹ̀. Ní 2013 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ kan, nígbà tó sì di 2015, kò sí ìdánwò lórí ìwé mọ́. Kọ̀ǹpútà ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, láti 2010 dé 2016, owó tí JAMB dá padà sápò ìjọba kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 50 náírà lọ.

Ní August 2016, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì Ilorin rí, di ọ̀gá níbẹ̀. Nígbà náà, káàdì tí a ń họ ni àwọn ọmọ ń rà láti forúkọ sílẹ̀, káàdì náà sì ń gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá kí owó rẹ̀ tó délé. Ẹ ó rántí ìròyìn tó gba ìlú kan ní 2018 láti ọ́fíìsì JAMB ní Makurdi, pé ejò ló gbé mílíọ̀nù 36 náírà owó káàdì mì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé níbi tí owó bá ti ń kọjá lọ́wọ́ mẹ́wàá, ejò kò ní ṣàì rí àyè. Ọ̀gá tuntun náà pa káàdì yìí rẹ́, ó ní kí owó máa gba báńkì lọ tààrà, kí ọmọ máa gba nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù. Ní 2017 nìkan, ó ju bílíọ̀nù 7 náírà lọ tí JAMB dá padà sápò ìjọba. Lẹ́yìn náà ìjọba tún dín owó ìforúkọsílẹ̀ kù láti 5,000 sí 3,500. Ẹ wò ó: kọ̀ǹpútà wà ní 2015, kọ̀ǹpútà wà ní 2017. Ọ̀nà tí ọ̀gá là fún owó ló yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹ̀gbẹ́ kan sọ ìtàn yìí. Ní 2025, JAMB náà ṣubú. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń da ìbéèrè rú tí ó sì fi ń ka ìdáhùn. Àtúnṣe náà dé orí àwọn ẹ̀rọ ńlá tó wà ní ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní ti Kaduna, kò dé orí àwọn tó wà ní ìsọ̀rí ti Lagos. Ẹ̀rọ wá ń fi ìdáhùn tuntun wé ètò àtijọ́. Ọmọ tó mọ̀wé gba máàkì tó kéré. Àwọn tó ń ṣàkóso kò sì tètè rí i kí wọ́n tó gbé èsì jáde ní May 9. Àṣìṣe àkóso ni èyí, ẹ má jẹ́ kí a fi ọwọ́ bò ó: ẹni tó bá yí ètò padà gbọ́dọ̀ lọ wò ó bóyá ó ti dé gbogbo ibi tó yẹ kí ó dé.

Àwọn òbí àti olùkọ́ fi igbe ta. Bí ó bá jẹ́ ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, wọn ì bá sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan pé, “Ìwọ nìkan lo fìdí rẹmi.” JAMB pe àwọn ògbógi láti ìta kí wọ́n wá wo inú ẹ̀rọ. Ní May 14, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tí èsì jáde, ọ̀gá náà dúró níwájú àwọn oníròyìn ní Abuja. Ó ka iye rẹ̀ fún ayé gbọ́: ilé ìdánwò 157 nínú 887, ọmọ 379,997. Nínú wọn, 206,610 wà ní Lagos, 173,387 sì wà ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ìhà gúúsù ìlà-oòrùn. Ó ní òun gba ẹ̀bi náà, ó bẹ̀bẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ kejì sí i ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò àtúnṣe ìdánwò.

Àwọn kan ní omijé kò tó, wọ́n ní ọmọ tó ti gbé ọ̀nà jíjìn wá ṣe ìdánwò kì bá má tún un ṣe. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọjọ́ márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ogún ọdún, kí ẹ wo ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ méjèèjì ló ṣìnà. Ọ̀gá kan ní ẹ̀rọ òun kì í ṣìnà, ènìyàn sì kú. Ọ̀gá kejì ní òun ló ṣìnà, ọmọ sì rí ìdánwò rẹ̀ tún ṣe.

OHUN TÓ KÀN WÁ

Àwọn baba wa tó bá ọkọ̀ rélùwéè wá sí ìlú yìí nígbà tí ó dé ní nǹkan bí 1912, iṣẹ́ akọ̀wé àti òwò ni púpọ̀ nínú wọn fi jẹun, orúkọ rere ni wọ́n sì fi gba àyè. Títí di òní, ohun tí ọmọ àjò ní kò ju orúkọ rẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ bá pe ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní olè níbí, kò sí mọ̀lẹ́bí tí yóò sáré wá dúró tì í. Àwa nìkan ló ní. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ àbá àwọn ọ̀dọ́, kí a kó ìwé wa sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin mẹ́fà yìí kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun.

1. Kí a gbálẹ̀ kí a tó tẹ́ ẹní. Kí akọ̀wé, akápò àti àgbà méjì jókòó ti lẹ́jà, kí wọ́n yanjú gbogbo iyàn tó wà nínú rẹ̀, kí oníkálukú fọwọ́ sí iye tó jẹ́ tirẹ̀. Bí a bá kó iyàn sínú ẹ̀rọ, iyàn náà ni ẹ̀rọ yóò máa tẹ̀ jáde fún wa.

2. Kí a má fi iṣẹ́ ẹ̀rọ ni àwọn ìyá wa lára. Ìyá tí kò lo fóònù ńlá, kí ó máa san owó rẹ̀ bó ti ń san án, kí ọ̀dọ́ tó gbà á kọ ọ́ lójú rẹ̀, kí ó sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí náà ni ọlá.

3. Kí kọ́kọ́rọ́ má wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Ẹni tó ń gba owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Bí a bá sì yí iye kankan padà, kí orúkọ ẹni tó yí i àti ọjọ́ tó yí i hàn, kí ẹni tó ni owó náà rí i.

4. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ olè nítorí pé ẹ̀rọ wí bẹ́ẹ̀. Bí iye ẹ̀rọ àti iye ọmọ ẹgbẹ́ kò bá dọ́gba, ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta tí akápò kò sí nínú rẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ. Títí wọn yóò fi parí, kí owó ìrànlọ́wọ́ má dúró. Òkú kì í dúró de ìwádìí.

5. Kí a máa ka ẹ̀sùn sókè. Ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé sọ iye ènìyàn tó wá fi ẹjọ́ ẹ̀rọ sùn lóṣù náà àti ohun tí wọ́n wí. Ohun tó pa àwọn onísítáḿpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé olúkúlùkù rò pé òun nìkan ni.

6. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, kí alága sọ ọ́ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún un. Bí a bá ń fi ẹni tó jẹ́wọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, a ń kọ́ àwọn tó kù láti fi nǹkan pamọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá ní báńkì, ní ilé ìwòsàn, ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ mú òfin kẹrin àti ìkarùn-ún lọ síbi iṣẹ́ yín. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ní ẹ̀rọ ṣìnà, ẹ má kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ bí olè. Ẹ béèrè iye àwọn mìíràn tó ti wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà lábẹ́ ọ̀gá, ẹ máa tọ́jú ìwé yín, ẹ má fọwọ́ sí iye tí ẹ kò mọ̀ láé, ẹ sì bi ẹlẹgbẹ́ yín léèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má sìn ín. Àbá òfin mẹ́fà yìí ni mo gbé síwájú Alága, kí ìpàdé yẹ̀ ẹ́ wò, kí a dìbò lé e lórí.  Kí Ọlọ́run bùkún ẹgbẹ́ wa, kí Ó sì mú oníkálukú délé ní ọjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rere.